Tí O Bá Fẹ́ Tún GRE Ṣe: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Jù l'Ábẹ́òkúta

Yàrá kan lẹ́yìn ilé wa ní Ọbáńtokò ni mo ti ń kọ́ àwọn tó ń múra fún GRE, ìdánwò tí àwọn yunifásítì kan, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ka másítà tàbí PhD. Ọ̀pọ̀ wọn jáde ní yunifásítì FUNAAB níbí, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Òkè-Ìlẹ̀wó, àwọn mìíràn jẹ́ tíṣà bíi tèmi. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń ká mi lára jù ni àwọn tó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan tí máàkì kò tó, tí wọ́n wá ń bèèrè bóyá orí àwọn ni kò pé. Èmi náà ti wà ní ipò yẹn rí, mo sì mọ bí ó ṣe ń rí lára. Ìbéèrè wọn jọra, ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, 154 ni mo gba ní Quant, 151 ní Verbal. Ṣé ó yẹ kí n tún un ṣe?

Sọ ibi tí o fẹ́ gbé e lọ fún mi ná. Láti 130 dé 170 ni wọ́n ń ka Verbal (apá èdè Gẹ̀ẹ́sì) àti Quant (apá ìṣirò) lọ́kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 6 sì ni ti àròkọ. 154 ní Quant lè má pa ẹni tó fẹ́ lọ ka ìmọ̀ ìtàn lára, ṣùgbọ́n ó lè dí ẹni tó fẹ́ ka ẹnjiníà lọ́nà. Lọ sí ojú ewé ẹ̀ka tí o fẹ́ gan-an, má dúró sórí ti yunifásítì lápapọ̀, kí o wo iye tí àwọn tí wọ́n gbà wọlé ní. Tí wọn kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, fi ímeèlì bi wọ́n. Wọ́n máa ń dáhùn.

Kí o sì wò ó bóyá wọ́n tiẹ̀ ń bèèrè GRE mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà ló ti yọ ọ́ kúrò. Ọmọbìnrin kan ti sanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì tán kó tó wá bá mi. Nígbà tí a jọ wò ó, méjì nínú ibi mẹ́ta tó fẹ́ ni kò fẹ́ rí máàkì kankan. Ó dùn mí fún un. Owó yẹn ì bá ti san fọ́ọ̀mù ibòmíràn.

Tí máàkì rẹ bá ti wọ ibi tí wọ́n ń fẹ́, fi sílẹ̀. Lọ jókòó ti ìwé tí o máa fi ṣàlàyé ohun tí o fẹ́ lọ kà àti ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń gbà kí èèyàn ṣe é?

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín oṣù 12, ọjọ́ 21 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Èyí tí o fagi lé náà wà nínú iye yẹn o.

Ṣé àwọn yunifásítì máa rí máàkì burúkú tí mo kọ́kọ́ gbà?

Àyàfi tí ìwọ fúnra rẹ bá fi ránṣẹ́. ETS tó ń ṣe ìdánwò náà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní ScoreSelect. Ìwọ ni o máa yan èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́: ti ẹ̀yìn yìí nìkan, gbogbo rẹ̀, tàbí èyíkéyìí tí o bá fẹ́. Ẹni tó gbà á kò ní rí i pé òmíràn wà. Ohun tí o kò lè ṣe ni kí o mú Verbal ọjọ́ kan pọ̀ mọ́ Quant ọjọ́ mìíràn. Bí ìdánwò ọjọ́ kan bá ṣe rí ló máa lọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń fúnra wọn mú èyí tó ga jù ní apá kọ̀ọ̀kan bí o bá fi méjèèjì ránṣẹ́, nítorí náà bèèrè kí o tó yàn. Ọdún márùn-ún ni máàkì fi ń ṣiṣẹ́.

Mo ń sọ èyí ní kíkún nítorí mo rí i pé ẹ̀rù pé “wọ́n á rí i” ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn padà síbẹ̀.

Mo ti ṣe ìbéèrè tó lé ní ẹgbẹ̀rún láti ìgbà tí mo ti ṣe ti àkọ́kọ́. Kí ló dé tí máàkì mi lórí kọ̀ǹpútà kò kúrò lójú kan?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn láti dáhùn jù nìyí, torí òun ló mú mi náà fún oṣù mẹ́rin.

Mú ìwé tí o ti ń ṣiṣẹ́ wá. Ohun tí mo máa ń rí nínú rẹ̀ ni àmì “tọ̀nà” àti àmì “kò tọ̀nà”, lẹ́yìn náà ìdáhùn tí o dà kọ láti ẹ̀yìn ìwé. O ka àlàyé wọn, o ní “ẹn-ẹ́n, ó ti yé mi”, o sì kọjá sórí òmíràn. Ohun tó yé ọ ni ọ̀nà tí ẹni tó kọ ìwé gbà ṣe é. Ohun tó mú ìwọ ṣìnà ṣì wà níbi tó wà, á sì tún dúró dè ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò.

Jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn ọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ṣe irú ìbéèrè yìí níwájú mi. Wọ́n ní x kéré sí 1, x kì í sì í ṣe òdo. Iye A ni x. Iye B ni x tí a fi x sọ di púpọ̀. Èwo ló tóbi jù? Ó mú ìdajì, ó fi ìdajì sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí ìdá mẹ́rin, ó ní A ló tóbi jù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni D, pé ohun tí wọ́n fún wa kò tó láti mọ̀, nítorí bí x bá jẹ́ −2, B máa di 4, B á sì wá tóbi ju A lọ.

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ “àìfarabalẹ̀” síwájú ìbéèrè náà. Mo ní kó pa á rẹ́. Mo yẹ ojú ewé tó kọjá wò, mo rí “àìfarabalẹ̀” mẹ́sàn-án níbẹ̀. Kí ni èèyàn máa fi àìfarabalẹ̀ ṣe? Kò sí iṣẹ́ kankan tí ọ̀rọ̀ yẹn lè rán ọ. Mo ní kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó rò ó títí, ó wá kọ ọ́ pé: “Mo dán nọ́mbà kan ṣoṣo wò, mo sì dúró nígbà tí ó bá ohun tí mo ti ń rò mu.” Nígbà tí a wá padà wo àwọn mẹ́sàn-án yẹn, márùn-ún nínú wọn jẹ́ ohun kan náà. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Ìwà kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kó tó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó máa ń kọ òdo, 1, ìdajì àti nọ́mbà kan tó wà lábẹ́ òdo sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Tí ìbéèrè bá ti yọ ọ̀kan kúrò, á fi ìlà pa á, á sì dán àwọn tó kù wò. Quant rẹ̀ fi 152 bẹ̀rẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú 160. Nọ́mbà ìbéèrè tó ń ṣe lóòjọ́ kò tó ìdajì iye tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ra ìwé kan, kí o ya á sọ́tọ̀. Fún gbogbo ìbéèrè tí o kùnà, kọ nǹkan mẹ́ta: ohun tí o rò nígbà tí o ń ṣe é, ibi tí èrò yẹn ti dàrú, àti ohun tí ọwọ́ rẹ máa kọ́kọ́ ṣe nígbà tí o bá tún pàdé irú rẹ̀. Kọ èyí tí o kàn fojú bù tó sì tọ̀nà náà, nítorí òun léwu jù. Ní òpin ọ̀sẹ̀, kà á láti òkè délẹ̀. Wàá rí i pé àṣìṣe ogójì tí o rò pé o ní kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, wọ́n kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni.

Tí ó bá jẹ́ Verbal ni kò lọ ńkọ́? Mo ti há ọ̀rọ̀ tó pọ̀ sórí.

Ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀ rí kì í sábà pa ọmọ Nàìjíríà lára tó ọ̀rọ̀ tó rò pé òun mọ̀. Wo “sanction”. Nínú ìròyìn wa, ìjìyà ni. Nínú GRE, ó lè jẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí nǹkan. Wo “qualified”. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n ni, ṣùgbọ́n “qualified praise” ni ìyìn tí wọ́n fi “àmọ́” sí nídìí. “Check” lè jẹ́ kí a dá nǹkan dúró, “want” lè jẹ́ àìní, “arrest” kò sì nílò ọlọ́pàá kankan. Kó irú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí jọ sójú ewé kan, kí o tó tún kó àkójọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èkejì, bo ìdáhùn mọ́lẹ̀. Nínú àwọn tó ní àlàfo, ka gbólóhùn náà, wá ọ̀rọ̀ tó ń yí i padà, bíi “although” tàbí “despite”, kí o sì fi ọ̀rọ̀ tìrẹ, ìbáà jẹ́ Yorùbá, dí àlàfo náà kí o tó wo ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ jáde: “Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí pé ó ṣahun.” Ìgbà yẹn ni kí o wá lọ wá ahun nínú àwọn ìdáhùn. Tí o bá kọ́kọ́ wo ìdáhùn, gbogbo wọn ló máa jọ òótọ́. Rántí pé nínú èyí tó ní àlàfo méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ̀nà kí o tó rí máàkì gbà. Kò sí ìdajì.

Ti àyọkà, bí o bá yan ìdáhùn, fi ìka tọ́ka sí ìlà tó sọ bẹ́ẹ̀. Tí ìka rẹ kò bá rí ibi dúró sí, ìmọ̀ tìrẹ ni o fi dáhùn.

Àkókò ló máa ń tán mọ́ mi lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe lè yára sí i?

Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ni wọ́n ti gé ìdánwò náà kúrú. Kò pé wákàtí méjì mọ́. Àròkọ kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Verbal apá méjì: ìbéèrè 12 ní ìṣẹ́jú 18, lẹ́yìn náà 15 ní ìṣẹ́jú 23. Quant apá méjì: 12 ní ìṣẹ́jú 21, 15 ní ìṣẹ́jú 26. Tí ìwé tí o ń lò bá ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin àti àròkọ méjì, ti àtijọ́ ni. Àwọn ìbéèrè rẹ̀ ṣì wúlò, ètò àkókò rẹ̀ kò wúlò.

Bí o bá ṣe sí ní apá àkọ́kọ́ ló ń pinnu bí apá kejì ṣe máa le tó, apá kejì tó le ló sì lè gbé ọ dé máàkì gíga. Nítorí náà má ṣe fi apá àkọ́kọ́ sáré.

Ohun tó ń jẹ àkókò yín kì í ṣe pé ọwọ́ yín lọ́ra. Ìbéèrè kan tàbí méjì tí ẹ kọ̀ láti fi sílẹ̀ ni. Mo ti fi aago sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí mo ń kọ́ wò: èèyàn á fi ìṣẹ́jú márùn-ún bá ìbéèrè kan jà, á kùnà á, á wá fi ìbéèrè mẹ́ta tó rọrùn sílẹ̀ lófìfo ní ìparí. Máàkì kan náà ni gbogbo wọn ní nínú apá kan. Kọ̀ǹpútà ní bọ́tìnì tí o fi ń sàmì sí ìbéèrè kí o lè padà sí i kí apá yẹn tó parí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, tí o kò bá tíì mọ ọ̀nà, mú ìdáhùn kan, sàmì sí i, kí o kọjá. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà kò sí ìdí tí ìbéèrè kan fi gbọ́dọ̀ ṣófo.

Ṣe ìdánrawò fífi sílẹ̀ yìí gan-an. Ó máa ń dun èèyàn, pàápàá àwọn tó ti ń ṣe ipò kìíní láti kékeré.

Mò ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ sí márùn-ún. Ṣé oṣù kan tó?

Bí ibi tí o ń lọ kò bá ju pọ́ìntì mẹ́ta lọ, ó lè tó. Bí ó bá tó mẹ́wàá, fún ara rẹ ní oṣù mẹ́ta. Kí o sì mọ̀ pé bí èèyàn bá tún un ṣe láìka nǹkan kan, máàkì lè gòkè tàbí wálẹ̀ pẹ̀lú pọ́ìntì kan tàbí méjì. Ẹni tó sá padà lẹ́yìn ọjọ́ 21 pẹ̀lú ohun kan náà lórí, ìyẹn nìkan ló ń lọ wá.

Wákàtí kan lóòjọ́ tó dúró ṣinṣin dára ju Sátidé odindi lọ. Ọmọ kan tí mo kọ́ máa ń bá ìyá rẹ̀ ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú. Aago márùn-ún ìdájí ló fi ń ṣe ìbéèrè tuntun, ìwé àṣìṣe rẹ̀ ló sì ń gbé lọ sí ìsọ̀. Bí oníbàárà kò bá sí, ó ń kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé orí ìsọ̀ ni òun ti mọ̀ pé òun kì í ka ìlà tó kẹ́yìn ìbéèrè dé òpin.

ETS ní ìdánwò ìdánrawò méjì tí wọ́n ń pè ní POWERPREP, wọn kì í sì í gbowó lé wọn. Àwọn ló jọ ti gidi jù. Tọ́jú ọ̀kan di ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò tó dé, kí o ṣe é ní àkókò kan náà tí ti gidi máa bẹ̀rẹ̀, láìdìde.

Ọmọ mi ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, owó ti ń tán lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n tún fún un?

Ẹ kú ìnáwó o, mà. Owó tó lé ní 200 dọ́là lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe owó kékeré, mo sì mọ ohun tí ẹ fi dú un. Ẹ má tíì san án. Ẹ bi í ní ohun kan: “Kí lo máa ṣe yàtọ̀ báyìí?” Bí ó bá ní òun á tẹra mọ́ ọn sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Bí ó bá lè ṣí ìwé kan hàn yín, kó ní ibi mẹ́ta tí òun ti ń ṣubú nìyí, ohun tí òun sì ti ń ṣe sí wọn nìyí, owó yín kò ní ṣòfò. Ẹ má fi máàkì ọmọ ẹlòmíràn wé tirẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ bá mi ṣe ìyẹn. Mo ti rí ohun tí ó ń ṣe sí wọn ní yàrá ìdánwò.

Ẹnì kan ní òun lè bá mi ṣe é kí n gba 165. Ṣé òótọ́ ni?

Má lọ. ETS máa ń fagi lé máàkì tí wọ́n bá fura sí, ẹni tó gbowó rẹ á ti pa fóònù. Orúkọ rẹ ló máa bàjẹ́.

Ṣé kí n ṣe é nílé àbí kí n lọ sí Èkó?

Wọ́n gbà kí èèyàn ṣe é nílé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ẹnì kan máa wò ó láti inú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ dá wà ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, bébà lásán kò sì sí nínú ohun tí wọ́n gbà kí o fi ṣe ìṣirò. Pátákó funfun kékeré tó ṣeé nù ni, tàbí bébà tí o ti kì bọ inú ọ̀rá tí a ń rí inú rẹ̀ kedere. Tí o bá ní ínfátà tó lágbára àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, o lè gbìyànjú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni o gbójú lé, mi ò ní gbà ọ́ níyànjú. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ní Aṣèrò ni iná lọ mọ́ lórí ní àárín Quant.

Èmi lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lẹ́ẹ̀kìíní, mo jáde nílé ní ìdájí, mo gba ọ̀nà Ṣàngó Ọtà, a há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, orí mi ti gbóná kí n tó jókòó. Lẹ́ẹ̀kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Abẹ́òkúta lọ sí Èbúté Mẹ́ta ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo sùn lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Yábà. Mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, mo sì rìn wọlé pẹ̀lú ara tó tutù. N kò lè sọ iye pọ́ìntì tí oorun yẹn fi kún un, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n kò ní fi dù ẹnikẹ́ni.

Mú pásípọ́ọ̀tù rẹ dání, kí orúkọ tí o fi forúkọ sílẹ̀ bá ti inú rẹ̀ mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Nígbà tí ó bá parí, wọ́n á bi mí bóyá kí wọ́n gba máàkì náà sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fagi lé e. Èwo ni kí n tẹ̀?

Ní kí wọ́n gbà á sílẹ̀. Wọ́n ń bi ọ́ kí o tó rí i ni, ẹ̀rù sì ti ba ọ̀pọ̀ èèyàn débi tí wọ́n fagi lé máàkì tó dára. O ti mọ̀ pé ìwọ ni o máa yan èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Tí o bá gbà á sílẹ̀, Verbal àti Quant á hàn lójú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àròkọ á sì jáde ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Bí o bá jáde, ìbáà dùn mọ́ ọ tàbí kò dùn, mú ìwé àṣìṣe rẹ. O ti fọwọ́ sí i pé o kò ní tú ìbéèrè wọn síta, nítorí náà má kọ ìbéèrè. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ: ibi tí aago ti lé ọ, ibi tí o ti kọ̀ láti kọjá, ìgbà tí ọkàn rẹ kúrò níbẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ wálé ni mo ti kọ tèmi, mo sì ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí a dé Abẹ́òkúta.